Ẹ̀rọ tí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbá Nílé Ìfọṣọ

"Ṣé wúrà ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Bí wọ́n ṣe máa ń bi Kòjábọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ta pákó fún un á bi í, ẹni tó wá wo mítà iná á bi í, àwọn àna ẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbè sẹ́yìn ẹ̀ pàápàá á bi í nídìí oúnjẹ, níṣojú ìyàwó ẹ̀. Wọ́n á gbọ́ iye tó ń ta pínbọ́ọ̀lù kan, wọ́n á lanu sílẹ̀, wọ́n á ní owó mọ́tò mà nìyẹn, mọ́tò tó ṣì ń rìn geere, tó ń gbé tọkọtaya àtọmọ. Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dunni. Ẹni tó ń pààrọ̀ fóònù lọ́dọọdún, tí ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú ẹ̀, tí ò sì bi ẹni tó tà á fún un ní ìbéèrè kankan, òun náà ló ń fi oníṣẹ́ ọwọ́ ṣẹ̀rín rín.

Ẹni tí ò bá rí pínbọ́ọ̀lù rí, kó fojú inú wo tábìlì gígùn kan tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó dúró nídìí ẹ̀, tí wọ́n fi gíláàsì bò lórí. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ń sáré lábẹ́ gíláàsì náà, ó ń kọlu tibí, ó ń gun afárá tọ̀hún, iná ń tan, agogo ń dún. Ohun títẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, apá kékeré méjì tó wà nísàlẹ̀ á gbá bọ́ọ̀lù padà sókè. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gba àárín apá méjèèjì kọjá pẹ́nrẹ́n, ó jábọ́ nìyẹn, onítọ̀hún á kí ara ẹ̀ kú ìrọ́jú.

Ibẹ̀ ni Kòjábọ́ ti gba orúkọ. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́, gbọ̀ngàn ìṣeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Á fi ẹyọ owó kan ṣoṣo gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí títí tí wọ́n á fi máa gbálẹ̀ ibẹ̀. Àwọn tó dúró tì í á máa pariwo pé kò jábọ́, kò jábọ́. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn lé e jáde nígbẹ̀yìn, ó ní òun ò lè máa fi iná òun bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ló tún wá ranṣẹ́ pè é nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, nítorí ẹni tó bá lè gbá a tó bẹ́ẹ̀ ti ní láti gbọ́ ohùn gbogbo ara ẹ̀. Bó ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Ní báyìí, òun àtìyàwó ẹ̀ ló ń ṣe ti ara wọn, nínú yàrá gígùn kan lẹ́yìn ilé tó jẹ́ ilé búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ògiri ibẹ̀ ṣì máa ń rùn bí ìyẹ̀fun. Ọkọ ń gé pákó, ó ń fi sáńpépà ha á títí tó fi máa dán bí awọ ìkókó, ó ń wé wáyà tín-ín-rín mọ́ra wọn fún ohun tó ń ta apá náà sókè, ó ń jó òjé sẹ́nu wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ojú ẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó sunkún. Ìyàwó, tó ti ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù látìgbà tó ti wà lọ́mọge, ló ń ya àwòrán sórí pákó náà. Kò ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Wọn ò lè ṣe ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ lọ́dún. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irú ẹ̀ máa ń pọn wọ́n jáde bí ìṣáná, gbogbo ẹ̀ ló jọra, ó sì dínwó gan-an. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yẹn ò dáa bíi tiwọn o, ṣùgbọ́n kò burú náà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó bá kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ṣeré, ìyẹn náà tó o.

Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ò ní ni ilé ìfọṣọ ẹ̀gbọ́n Kòjábọ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ní ilé ìfọṣọ tó wà ní ìkángun òpópónà wọn. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tò sí ògiri méjèèjì, bẹ́ǹṣì wà láàárín, ojú fèrèsé sì kún fún ooru omi gbígbóná. Tí ẹ̀rọ tuntun bá ti parí, Kòjábọ́ kì í gbé e lọ bá ẹni tó rà á. Ilé ìfọṣọ ló máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún àsìkò kan kí àwọn tó ń dúró de aṣọ wọn máa gbá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní pákó tuntun kì í mọ ìwà hù. Tí bọ́ọ̀lù irin bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé e, á máa ṣe ojú kékeré kékeré tó tẹ̀ wọnú sí i lára, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òtútù. Àfìgbà tí ojú wọ̀nyẹn bá pọ̀ tí wọ́n sì wọnú ara wọn ni gbogbo ẹ̀ tó máa tẹ́, tí bọ́ọ̀lù á wá máa sáré bó ṣe yẹ kó sáré. Rọ́bà náà á rọ̀. Èyí tí ò dè dáadáa á tú, wọ́n á tún un dè. Àṣìṣe tó bá fara pa mọ́, ọwọ́ èèyàn lásán ló máa fà á yọ, nítorí ẹni tó ṣe nǹkan kì í mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ ẹ́.

Ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ ẹ́ jù ni nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Èèyàn kékeré ni, ọwọ́ ẹ̀ le bí irin. Gbogbo ohun tí àwọn aláìsàn àti ọ̀gá ẹ̀ bá ṣe fún un láàárín ọ̀sẹ̀, ara pínbọ́ọ̀lù ló ti ń gbẹ̀san. Òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé, lára èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù máa ń há sẹ́yìn afárá tó bá ti sáré jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpá ta ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbọ́n Kòjábọ́ ké sí àbúrò ẹ̀ lórí fóònù pé kó yáa máa bọ̀ kí nọ́ọ̀sì tó wó ilé mọ́ àwọn lórí. Ó dé, ó ṣí gíláàsì, òun àti nọ́ọ̀sì jọ tẹ orí bọnú ẹ̀, wọ́n ń bára wọn jiyàn, wọ́n sì tún un ṣe.

Èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn yìí ló fẹ́ fa wàhálà. Dókítà eléyín kan ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Kòjábọ́ fi tọwọ́ tiẹ̀ bàpò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Nígbà tí ìyàwó bi í pé irú àwòrán wo ló ń fẹ́, ohun tó sọ kò ju pé òun fẹ́ nǹkan tí ò sí nílé ẹlòmíràn. Ìyàwó bá ya òpópónà kan lọ́jọ́ òjò fún un. Àwọn èèyàn ń sá kiri, atẹ́gùn ti yí agboòrùn obìnrin kan sódì, bàtà ẹnìkan ń bómi lọ. Lókè pátápátá, ó ya ilé kan sórí òkè, gbogbo fèrèsé ẹ̀ ṣókùnkùn. Ọ̀nà tóóró kan ni Kòjábọ́ ṣe wọnú ilé náà. Bí bọ́ọ̀lù bá lè wọlé síbẹ̀, gbogbo fèrèsé á tan. Ìyàwó sọ fún ọkọ ẹ̀ pé ọ̀nà yẹn ti tóóró jù, pé kò sẹ́ni tó máa lè wọbẹ̀ láyé. Ọkọ ní ohun tóun fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ pé ó ti sú ìyàwó. Kò sú u láti ṣe iṣẹ́, kéèyàn máa wí àwíjàre ló sú u. Nígbà tí wọ́n ń fi fánísì kun ẹ̀rọ dókítà yìí, ó sọ ọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ pé òun ò lè máa gbọ́ ṣé wúrà ló wà nínú ẹ̀ mọ́. Àbúrò òun jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, wọ́n ń wá ẹni tó mọ pákó. Ó ní, "Tí èyí bá padà wá sílé, ìwọ náà á lọ máa kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé a gbọ́ra?" Kòjábọ́, tí inú ń bí, tó sì dá a lójú pé iṣẹ́ òun ò lè padà, ní àwọn gbọ́ra. Ó tún ní kí ẹ̀gbọ́n òun ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní òun ò bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n òun gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé dókítà, yàrá kan ni wọ́n ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́ sílẹ̀ fún un, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àga kan ṣoṣo lọ. Kòjábọ́ àtawọn tó bá a gbé e de ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ dọ́gba, wọ́n tan iná sí i. Dókítà sún mọ́ ọn. Ó ń yí i po. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a mọ́ra. Kòjábọ́ rí ojú ẹ̀, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó tilẹ̀ ń ronú ohun tó máa sọ fáwọn àna ẹ̀.

Dókítà bá mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tó fi ń wo ẹnu èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ gíláàsì.

Ó pẹ́ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Nígbà tó gbórí sókè, ẹ̀rín ti lọ. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun ṣí gíláàsì. Wọ́n ṣí i. Ó tọwọ́ bọ ẹ̀yìn afárá, ó sì fi ìka méjì mú nǹkan kan jáde, bó ṣe máa ń mú nǹkan jáde lẹ́nu aláìsàn. Bọ́tìnnì aṣọ ni. Bọ́tìnnì búlúù kékeré, tí òwú ṣì wà nínú ojú ẹ̀.

Ó béèrè pé ta ló ni ín. Kòjábọ́ ní òun ò mọ̀. Ó béèrè pé kí ló de tí gbogbo ojú pákó fi rí jágajàga báyìí, ṣé wọ́n ti lo ẹ̀rọ yìí tẹ́lẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Kòjábọ́ ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo yẹn, kó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n ti fi rín in látọjọ́ yìí ló ru sí i lórí.

"Wọ́n lò ó ni," ó ní. "Ẹ̀rọ tí wọn ò tíì lò, òkú ni. Tó bá jẹ́ òkú lẹ fẹ́, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n á fi ike wé e fún yín."

Dókítà ò gbé ohùn sókè. "Ẹ lè jàre, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n mo béèrè ohun tuntun, mo sì san owó tuntun, ẹ ò wá sọ fún mi pé àwọn kan ti ṣáájú mi gbá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e padà."

Wọ́n gbé e padà. Kòjábọ́ jókòó sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ dì í mú níbi tí mọ́tò bá ti ń ju wọ́n. Ó ń ṣépè fún àwọn olówó nínú ara ẹ̀, gbogbo wọn pátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ò fi bẹ́ẹ̀ jọ olówó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yà sí òpópónà wọn, gbólóhùn kan ló ṣì ń gún un lọ́kàn: ẹ ò sọ fún mi. Látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sọ fún ẹni kankan rí. Àwọn tó rà á ṣáájú ò wo pákó. Wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ wọn sí pálọ̀, wọ́n ń ṣí i fún àlejò wò. Ẹni àkọ́kọ́ tó tẹjú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa ló lé e jáde.

Ìyàwó ẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Kò béèrè nǹkan kan, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn mọ́tò ti sọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Kòjábọ́ ti ń rojọ́ nígbà yẹn pé aráyé ò mọ iyì ohun tó dáa, pé owó tóun ń pè ò pọ̀ rárá, pé kéèyàn kàn ka iye wáyà tóun fọwọ́ wé.

"Owó yẹn tọ́," ìyàwó ní. "Èmi ò bá ọ jiyàn owó. Ẹnu ẹ ni ò tọ́. Bí iṣẹ́ àwọn ará ilé ìfọṣọ bá wà nínú ohun tó jẹ́ kó wọ́n, kí ló de tó ò ń pa á mọ́? Ṣé ojú ń tì ọ́ pé kì í ṣe ìwọ nìkan lo ṣe é ni?"

Kòjábọ́ sún abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó fẹ́ kí wọ́n gbà pé ọwọ́ òun àti ti ìyàwó òun nìkan ló wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kí àṣìṣe tó jáde, bàbá arúgbó tó máa ń fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gbá a, ìyá ìbejì tó ń fi ìdí ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bó ṣe ń gbá a, kò dárúkọ wọn fún ẹni kankan rí. Wọn ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Òun tó ń bínú pé wọn ò mọyì ọwọ́ tiẹ̀!

Ó bi ìyàwó ẹ̀ pé kí ni kóun wá ṣe. Ìyàwó ní kó lọ kan kọ́bọ́ọ̀dù, ṣebí wọ́n ti gbọ́ra. Àbúrò ẹ̀ tilẹ̀ ti fi aṣọ iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, aṣọ aláwọ̀ eérú tó le gbagidi, tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí láyà. Kòjábọ́ gbé e wọ̀, ó dúró bí ẹni tí wọ́n fi páálí wé. Ìyàwó ní kó gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó bá a fọ̀ ọ́ kó lè rọ̀. Ẹ̀rọ dókítà sì tún padà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nílé ìfọṣọ, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ibòmíì tí wọ́n fẹ́ gbé e sí. Inú àwọn ará ibẹ̀ dùn bí ẹni pé àna wọn ló ti ìrìn àjò dé.

Ohun tí ìyàwó ò sọ fún un ni pé òun ti pe dókítà lórí fóònù. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ṣàlàyé ohun tí ọkọ ẹ̀ ì bá ti ṣàlàyé, ó sì ní tí kò bá ni ín lára, kó wá wo àwọn tó ni ojú kékeré kékeré yẹn, kó tó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Bó ṣe di ọjọ́ Sátidé nìyẹn, tí ilé ìfọṣọ kún dẹ́múdẹ́mú. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú ń yí nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, Kòjábọ́ jókòó síwájú ẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìsìnkú ara ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń ká aṣọ, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú tí ò ṣeni láǹfààní: pé kọ́bọ́ọ̀dù náà ní ilẹ̀kùn, pé ilẹ̀kùn náà ń ṣí, ó sì ń pa dé. Nọ́ọ̀sì wà nídìí pínbọ́ọ̀lù, ó ń gbẹ̀san lára ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Dókítà wọlé, ó ru àpò aṣọ funfun lọ́wọ́. Kòjábọ́ dìde, ló bá tún jókòó. Dókítà kí gbogbo ilé, ó gba ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì lọ bá nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ẹ tò sẹ́yìn, bùọ̀dá," nọ́ọ̀sì ní, kò wo ojú ẹ̀. "Ìyá ìbejì ló kàn, bàbá tẹ̀ lé e."

Dókítà tò sẹ́yìn bàbá. Ìgbà tó dúró síbẹ̀ ló yọ ọ̀rá kékeré kan látinú àpò, ó bi ẹni tó wà nítòsí bóyá ẹnì kan mọ ẹni tó ni bọ́tìnnì tó wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì yíjú padà. Bọ́ọ̀lù ẹ̀ jábọ́, kò bìkítà. Ó na apá aṣọ òtútù tó wọ̀, búlúù ni, bọ́tìnnì kan ti ré lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mo wá èyí títí! Níbo lẹ ti rí i?"

Dókítà sọ fún un. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń há tẹ́lẹ̀, bóun ṣe ta ẹ̀rọ nípàá, bí òun àti Kòjábọ́ ṣe jọ tẹrí bọnú ẹ̀, pé ibẹ̀ ló ti ní láti já. Ó ní bóun ò bá ta á nípàá ni, ilé ẹni tó rà á ni ì bá ti máa há, yóò sì dùn mọ́ òun nínú tónítọ̀hún bá lè dúpẹ́. Ó wo dókítà látòkè délẹ̀. "Àbí ẹ̀yin lẹ rà á ni?"

Dókítà ní òun rà á, ṣùgbọ́n òun dá a padà. Gbogbo ilé yíjú sí i. Kòjábọ́ ronú pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, tàbí kí ẹnì kan sọ pé owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Wọ́n ń wo dókítà bí ẹni tó sá fún oúnjẹ wọn.

Ló bá ṣàlàyé, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ púpọ̀. Aṣọ òun, ìwé òun, bàtà òun, bẹ́ẹ̀dì òun, kò sí èyí tí ẹlòmíràn ò ti lò kó tó kàn òun. Òun ṣe ìlérí fún ara òun pé tóun bá dàgbà, òun á ra ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ pé òun lòun máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe nítorí pé òun fẹ́ fi yangàn lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tóun rò pé òun ń sanwó fún nìyẹn.

Kòjábọ́ gbọ́, ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yìí, bàtà ẹ̀ lòun náà wọ̀ lọ síléèwé, bàtà obìnrin, tí wọ́n fi ń pè é ní sisí títí wọ́n fi jáde. Ó dìde. Ó ní, "Dókítà, ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Mi ò sọ, nítorí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé èmi nìkan ni. Ẹ má bínú." Ó wá ní tí dókítà bá lè ní sùúrù, òun á pààrọ̀ pákó yẹn, òun á gbé èyí tẹ́nì kankan ò fọwọ́ kàn fún un, bí kò tilẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn.

Dókítà bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ó ti kàn án láti gbá. Ó tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù jáde, ó kọlu agboòrùn, ó gba àárín méjèèjì jábọ́. Bàbá arúgbó ní kó má tẹ apá méjèèjì pọ̀ mọ́, kì í ṣe ewúrẹ́ ló ń lé. Ó tún gbá a. Ó tún jábọ́. Nọ́ọ̀sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń sọ ìgbà tó máa tẹ̀ ẹ́ fún un, ẹnu ẹ̀ le ju ọwọ́ ẹ̀ lọ. Dókítà ń làágùn nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn, ó tàn án gba inú gíláàsì, kì í ṣe sí àárín pákó mọ́, òkè pátápátá ló tàn án sí.

"Ibí ńkọ́?" ó ní. "Inú ilé yìí. Kò sí ojú kankan níbẹ̀. Ó ń dán."

Nọ́ọ̀sì pòṣé. Ó ní kò sẹ́ni tó wọbẹ̀ rí, pé ìkà èèyàn ló ṣe ọ̀nà yẹn, ó nawọ́ sí Kòjábọ́: ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Kòjábọ́ náà gbà pé òun ti gbá a títí, òun ò wọlé. Ìyàwó ẹ̀ tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà látẹ̀ẹ̀kan, tí ọkọ ẹ̀ ò rí i, ní ṣebí òun ti sọ.

"Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́," nọ́ọ̀sì ní. "Láàárọ̀ yìí, ó kan ẹnu ilẹ̀kùn. Tí mo bá tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọlé. Mo mọ̀ ọ́n báyìí."

Dókítà pa tọ́ọ̀ṣì. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo ilé tó wà lórí òkè, ó tún wo nọ́ọ̀sì. Ó yíjú sí Kòjábọ́ wéré.

"Ọ̀gá, ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹ bá mi gbé e lọ sílé lónìí."

"Lónìí kẹ̀?"

"Báyìí. Kí èèyàn yìí tó padà wá."

Ilé ìfọṣọ dàrú fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí yàtọ̀ sí ti àwọn àna Kòjábọ́. Nọ́ọ̀sì ní irọ́ ni, wọn ò lè gbé e, òun lòun fi ìpá òun tún un ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà bí ẹni tó ń pín ogún, títí dókítà fi gbà pé tóun bá ti lè gbá bọ́ọ̀lù wọnú ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kí gbogbo wọn máa wá gbá a lọ́dọ̀ òun tó bá wù wọ́n, òun ò ní fi aṣọ bò ó. Nọ́ọ̀sì ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí òun gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i, ìkẹyìn. Dókítà ò fẹ́. Gbogbo ilé ní kó jẹ́ kó gbá a. Ó gbà, ó di ojú.

Kòjábọ́ wo ìyàwó ẹ̀. Ó fẹ́ bi í bóyá òun ṣì máa lọ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ti gbọ́ra, ẹ̀rọ náà sì ti padà wá sílé, ẹ̀gbọ́n òun sì wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Ìyàwó ò wò ó. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti dúró, ó ṣí i, ó fa aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú jáde, ó sì fọwọ́ méjèèjì fún omi ara ẹ̀. Ó ti rọ̀ báyìí.

"Gíláàsì yẹn dọ̀tí," ó ní, ó ju aṣọ náà lù ú láyà. "Tí nọ́ọ̀sì bá gbá a tán, nù ún dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e."

Bọ́ọ̀lù ti ń gun òkè.